Garawa kan fún ìgbà ìjì: kí ni kí n kó sínú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ológuneru:

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ garawa ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ kan ká wa mọ́lé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Òjò gan-an kọ́ ló ṣọṣẹ́, ìjì tó ṣáájú ẹ̀ ni. Eruku pupa ló kọ́kọ́ bo ojú ọ̀run láti apá ìlà-oòrùn. Kí n tó ká aṣọ tán lórí okùn, páànù ilé aládùúgbò ti ń fò bọ̀ bí ìwé. Orí wáyà ló já sí, ọ̀pá iná méjì bá dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wà nínú òkùnkùn.

Òkùnkùn ọ̀hún kọ́ ló dùn mí. Ta ni òkùnkùn ṣàjèjì sí n'Íbàdàn? Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ohun tí mo ń wá ló wà nílé, mi ò sì rí ọ̀kan mú. Tọ́ọ̀ṣì wà, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ti gba bátìrì inú ẹ̀. Ìṣáná wà, ojú fèrèsé ni mo gbé e sí, òjò ti rin ín gbingbin. Àbẹ́là kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi bà ni èyí tó ṣẹ́kù lára kéèkì ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì, nọ́ńbà 4. Òun la tàn. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, pásẹ́ǹtì mẹ́fà ló kù lórí fóònù mi.

Màmá tó bí ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ínsúlínì ni wọ́n ń gún láràárọ̀, inú fíríìjì la sì ń kó o sí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí omi ń ṣàn lábẹ́ fíríìjì, màmá wò mí, èmi náà wò wọ́n. Mo bá lọ ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù, mo ki ìgò ínsúlínì bọ àárín ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹja. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ó ti dì gbagidi. Àwọn tó ń ta oògùn ní kí n lọ dà á nù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́.

Lọ́dún yìí, mo ti wá garawa ọ̀dà ńlá kan tó ní ìdérí, mo sì ti fọ̀ ọ́ mọ́. Kí ni kí n kó sínú ẹ̀? Àwa márùn-ún la wà nílé bí ọkọ mi bá wálé. Owó ò pọ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ ra sólà.

Bàbá Wáyà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ẹ jẹ́ ká fi garawa sílẹ̀ ná. Wáyà tó bá já sílẹ̀, ẹ kà á sí ejò tí kò tíì kú. Pé iná ò sí ládùúgbò kò ní kí ẹ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan lè wà lẹ́yìn kùlé tó tan jẹnẹrétọ̀ láì já ilé ẹ̀ kúrò lára iná ọba. Iná yẹn á gba ẹ̀yìn wọ tiransifọ́mà, tiransifọ́mà á sì gbé e sókè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Mo mọ ẹni tí irú ẹ̀ gbá lórí àkàbà. Ẹ ṣọ́ àwọn ìbejì, pàápàá tí omi bá dá rogún síbi tí wáyà já sí.

Èkejì: bí iná bá ti lọ, ẹ yọ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lójú iná. Gílóòbù kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀. Iná tó lọ fọ́jọ́ mọ́kànlá kì í fi pẹ̀lẹ́ wọlé. Bí gílóòbù yẹn bá ń tàn yòò ju bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀, ẹ tètè pa méènì, kí ẹ pe oníwáyà.

Nínú garawa, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí ni kí ẹ rà, irú tàwọn ọdẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé ọmọ, tẹ́ ẹ máa gún abẹ́rẹ́ fún màmá, ọwọ́ wo lẹ máa fi di tọ́ọ̀ṣì mú? Ẹ má ki bátìrì bọ inú ẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó, torí bátìrì tó bá pẹ́ nínú tọ́ọ̀ṣì máa ń tu omi.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú:

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Ínsúlínì kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kó dì. Èyí tó bá ti dì, bó tiẹ̀ yọ́ padà, kò wúlò mọ́.

Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n ń gún lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ 28 bí ooru ibẹ̀ ò bá ju 30°C lọ. Ẹ wo ara páálí tiyín. Èyí tẹ́ ò tíì ṣí ló nílò fíríìjì. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lo yìnyín, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nípọn wé oògùn náà, kó má fara kan yìnyín rárá.

Ẹ tún lè ṣe ìkòkò méjì. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun táyé mọ̀: ẹ ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, ẹ rọ yanrìn sáàárín méjèèjì, ẹ máa bu omi rin yanrìn náà, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi yẹn bá ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Jigawa gbẹ ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Nígbà ọyẹ́ ẹ máa gbádùn ẹ̀. Nígbà òjò n'Íbàdàn, agbára ẹ̀ máa ń dín kù gan-an. Síbẹ̀, ó sàn ju orí wọ́dúróòbù lọ.

Ẹ fi gulúkóòsì tàbí súìtì sínú garawa o. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ ò bá délẹ̀ lásìkò lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àfaradà. Ẹ má rò pé Ìbàdàn nìkan ni. Ní 8 oṣù keje 2024, Ìjì Beryl kọ lu àwa náà níbí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì pàdánù iná. Ọjọ́ mẹ́fà ni tiwa. Ẹran iléyá tó wà nínú fírísà wa, àwọn ará àdúgbò ló bá wa jẹ ẹ́. Fírísà tó kún lè pa òtútù mọ́ fún wákàtí 48 béèyàn ò bá ṣí i, fíríìjì lásán kò ju wákàtí mẹ́rin. Èmi ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, àfi bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Gálọ́ọ̀nù omi kan fẹ́nì kan lójúmọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún wa níbí, bíi lítà mẹ́rin. Ẹ̀yin márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta, lítà 60 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì 25 mẹ́ta ti tó. Kò lè wọ garawa o!

Bẹ́ ẹ bá yá jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sílé tó mítà mẹ́fà, kẹ́ ẹ kọ ẹnu èéfín ẹ̀ síta. Nígbà òtútù oṣù kejì 2021 tí iná lọ ní Texas, àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ àti èédú sínú ilé, wọn ò jí. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín yẹn kò lóòórùn.

Alákàrà Apẹ̀tẹ̀:

Owó wẹ́wẹ́! Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, POS ò gbọ́ tiyín. Kẹ́ ẹ sì di ìwé ilé àti ìwé ìbí àwọn ọmọ sínú ọ̀rá méjì. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011 tí omi ya lu Ìbàdàn, tèmi bómi lọ, ọdún méjì ni mo fi ń wá wọn padà. Gàrí àti kúlíkúlí lẹ máa kó síbẹ̀, ẹ fi Indomie sílẹ̀. Iná wo lẹ fẹ́ fi sè é?

Ìyá Ìbejì Ológuneru:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì ọdẹ méjì ní Dùgbẹ̀. Màmá dé ọ̀kan mọ́rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjálá ní pálọ̀. Súìtì tí mo kó sínú garawa lánàá, mo bá páálí ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìbejì láàárọ̀ yìí, torí náà garawa ti gun orí àjà lọ.

Bàbá Wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ni méènì wa wà. Ṣé ó yẹ kí n gbé wọ́dúróòbù kúrò ni?

Bàbá Wáyà:

Ẹ gbé e kúrò lónìí, ma.