Ṣé òfin tí wọ́n fi de orin "Wo!!" ti Ọlámidé dí i lọ́wọ́ lóòótọ́?

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àríyànjiyàn kan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní orin "Wo!!" tí Ọlámidé gbé jáde lọ́dún 2017 ì bá tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ òfin tí NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fi dè é ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ló gé e lẹ́sẹ̀. Èmi sọ pé n kò mọ òde ìnáwó kan tí mo lọ lọ́dún yẹn tí n kò ti gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n tilẹ̀ torí rẹ̀ bínú sí i kò yé mi tó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Ọmọ Bàrígà:
Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Fídíò ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera bá wí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin. Ìgboro Bàrígà, àdúgbò tí Ọlámidé ti dàgbà, ni fídíò náà fi hàn. Àwọn ọmọ ìta kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń jó, èéfín sì ń jáde lẹ́nu àwọn kan nínú wọn. Orí Twitter ni ilé-iṣẹ́ náà ti kéde pé èyí tàpá sí òfin ọdún 2015 tó ka pípolówó tábà léèwọ̀, Ọlámidé sì fèsì pé òun kò ní in lọ́kàn láti polówó tábà fún ẹnikẹ́ni. Ti NBC yàtọ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni agbára tiwọn mọ, "Wo!!" nìkan kọ́ ló sì kó sí wọn lọ́wọ́ lóṣù yẹn, torí pé "Living Things" ti 9ice àti "Fall" ti Davido náà wà níbẹ̀.

Onígèlè:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìparí ọdún yẹn, lẹ́yìn tí òfin ti jáde, ni a ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Wọ́n ti jẹun tán, àwọn ìyá kan sì ti ń di ẹran sínú ọ̀rá lábẹ́lẹ̀, nígbà tí DJ gbé "Wo!!" sí i. Àwọn ọmọdé tó ń fi àga ṣeré sáré bọ́ sójú agbo, ìyá ìyàwó alára ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì bá wọn gbẹ́sẹ̀. Díákónì kan wà lórí tábìlì wa tó ti ń bú irú orin bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì báyìí, bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀ ṣìkìṣìkì! Inú fóònù ni orin wà, kì í ṣe inú rédíò nìkan mọ́. Síbẹ̀, n kò ní fi fídíò yẹn han ọmọ mi, ẹ má ṣì mí gbọ́.

Akọ́mọlédè:
Ẹ kú àlàyé, Onígèlè. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí pé àwa kan tí a ti ń tẹ̀lé Ọlámidé láti ìgbà àwo *Rapsodi* ti ọdún 2011 kùn gan-an nígbà tí "Wo!!" jáde. Ohun tí a fẹ́ràn lára rẹ̀ ni tàka-súfèé tó kún fún àfiwé àti ẹ̀dà-ọ̀rọ̀, ó wá fún wa ní àwọn gbólóhùn kéékèèké tó ń pàṣẹ fún oníjó. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ìlù tí Young John ṣe ń sáré, kò sí ààyè fún àròjinlẹ̀ láàárín rẹ̀, ohun tí ẹsẹ̀ sì nílò ni ẹni tí yóò máa pè é. Orúkọ orin náà tilẹ̀ jọ mí lójú, torí pé bí wọn kò ṣe fi àmì sí i, ẹni tó bá rí i lákọsílẹ̀ lè kà á sí "wó" bíi ti ilé tó wó. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.) Ní ti òfin, "Science Student" tó tẹ̀lé e lọ́dún 2018 ni mo rò pé àwọn aláṣẹ ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí jù, nítorí pé ẹni tó ń po oògùn olóró mu ni àwọn ọmọ ìta ń fi orúkọ yẹn pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlámidé ní òun kò gbè sẹ́yìn rẹ̀.

Olùbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka èsì yín, ó sì gbà pé fídíò ni ọ̀rọ̀ tábà dá lé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò tíì jáwọ́ nínú ti NBC. Ó tún ní kí n bi Onígèlè bóyá díákónì yẹn wọ agbádá aláwọ̀ ewé, nítorí òun náà wà ní ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn lóṣù Kejìlá ọdún yẹn.