Àbọ̀ rèé: mo ti rí ilé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè orí tábìlì mi

Ẹ rántí pé mo bèèrè irú ilé kékeré tó yẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré mi, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO, ìyẹn 1:87 (ohun gidi fi ìlọ́po 87 tóbi jù ú lọ). Mo ra méjì. Òrùlé wọn ga ṣóńṣó bí ẹni ń retí yìnyín. Ọmọ mi ní, "Dádì, Jámánì lèyí, kì í ṣe Ìbàdàn." Òótọ́ ni.

Mo bá gé páálí bàtà fúnra mi, níbí ní Àkúrẹ́ tí kò tilẹ̀ ní rélùwéè! Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ga ní mílímítà 24, ènìyàn ibẹ̀ 20. Fún òrùlé, mo bó awọ òkè páálí tó nípọn. Ìlà inú rẹ̀ dà bí páànù gẹ́lẹ́. Mo kùn ún bíi páànù tó ti dógùn-ún.

Ilé 1:76, ìwọ̀n tó tóbi ju 1:87 lọ, tí ẹ ní kí n má rà? Ó ti wà níwájú pátápátá, kò hàn pé ó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ṣeun, ìbéèrè mi ti parí.