Ó tán, ó parí, ó já: kí ni ká máa pe EOF?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá èdè wa.

Mo ti ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe EOF ("end of file" lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ fún ètò pé kò sí ohun tó kù láti kà) nínú ìwé tí a ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kétu ní ká pè é ní "òpin fáìlì", torí pé ohun tí àwọn tó fi Faransé kàwé mọ̀ ọ́n sí náà nìyẹn, "fin de fichier". Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní Ṣábẹ̀ fẹ́ "ìpẹ̀kun ìwé", ó ní fáìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyíkéyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin.

Òpin àti ìpẹ̀kun, orúkọ ibì kan ni wọ́n. Ènìyàn lè rìn dé òpin ọ̀nà, kó dúró níbẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ "òpin fáìlì" yóò gbà pé ohun kan wà ní ìdí fáìlì tó ń jẹ́ òpin, tí ètò rẹ̀ yóò kà bó ṣe ń ka lẹ́tà. Kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà kan rí, ó wà: CP/M, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1970, kì í mọ iye báìtì (ẹyọ nọ́ńbà láti 0 dé 255 tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) inú fáìlì gan-an, ìdì oníbáìtì 128 ló fi ń kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá tán láàárín ìdì kan, wọ́n ní láti fi àmì sí i, báìtì 26 ni wọ́n sì fi ṣe àmì náà, èyí tí Ctrl-Z máa ń gbé jáde. MS-DOS tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jogún àṣà yẹn. Ká ní ayé ìgbà yẹn la ṣì wà ni, èmi náà ì bá gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa. Lónìí, kọ̀ǹpútà mọ bí fáìlì ṣe gùn tó, báìtì kan kò ní lé, kò ní dín. Kò nílò àmì kankan.

Kí wá ni EOF? Èsì ni. Ètò ń bèèrè lọ́wọ́ ìṣàn (stream, ọ̀nà tí báìtì ń gbà wọlé sínú ètò) pé kó fún òun ní báìtì kan, ìṣàn á fún un. Ó tún bèèrè, ó tún rí gbà. Títí yóò fi bèèrè, tí ìṣàn á dá a lóhùn pé: ó tán. Ní Unix, tí òun náà ń darí kọ̀ǹpútà, àṣẹ read á dá 0 padà, ìyẹn ni pé kò rí báìtì kankan kà. Ní Python, ọ̀rọ̀ òfìfo ló ń bọ̀. Ní Java, read á dá -1 padà. Ní èdè C, getchar, àṣẹ tó ń ka báìtì kan, á dá nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo padà, -1 náà ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí èsì getchar fi jẹ́ int (oríṣi nọ́ńbà tó gbòòrò), tí kì í ṣe char (èyí tó gba báìtì kan péré): gbogbo iye láti 0 dé 255 ni báìtì gidi lè jẹ́, nítorí náà "ó tán" gbọ́dọ̀ jókòó síta wọn. Ẹni tó bá fi èsì náà pa mọ́ sínú char lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, báìtì 255 á di -1 mọ́ ọn lọ́wọ́, ètò rẹ̀ á sì dúró láàárín ọ̀nà. Nínú UTF-8, ìlànà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, báìtì 255 kì í yọjú rárá, nítorí náà àwa tó ń kọ Yorùbá lè má rí àṣìṣe yìí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún ètò yẹn ní àwòrán kà, ẹ ó rí i.

Nítorí èyí, "tán" ni àbá mi. Ìṣàn ti tán. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, "títán" wà.

Ibi tí "òpin" ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni feof, àṣẹ C tó ń bèèrè nípa EOF. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ṣé a ti dé òpin?", ọmọ á kọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì dé òpin, kí ètò máa ka ìlà, kó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ fún un ní fáìlì onílà mẹ́ta: àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí. Ohun tó máa jáde ni àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí, gàrí. Lẹ́yìn gàrí àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè ohun tí kò sí, feof kò sì ní ohun tí yóò jẹ́rìí sí. Ètò á tún bèèrè, fgets tó ń ka ìlà kò ní rí nǹkan kan kà, gàrí àtijọ́ á ṣì wà níbi tó wà, ètò á sì tún un tẹ̀. Bí ẹni ń bu omi nínú àmù tó ṣókùnkùn ni: ìgbà tí igbá bá gòkè lófìfo la tó mọ̀. Ohun tí feof ń bèèrè ni "ṣé wọ́n ti dáhùn pé ó tán?" Ti èdè Pascal yàtọ̀ ní tirẹ̀: eof rẹ̀ máa ń wo iwájú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "kò kù mọ́". Yorùbá ní tán, ó ní kù, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni méjèèjì. Kí ló dé tí a ó fi da àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òpin?

Ẹnì kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kò fi mú "parí". Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ọkọ̀. Nínú UTF-8, ọ jẹ́ báìtì mẹ́ta, àmì ohùn orí rẹ̀ jẹ́ méjì. Ní ìlànà ìkọ̀wé ti Benin, níbi tí a ti ń kọ ọ́ ní ɔkɔ̀, ɔ jẹ́ méjì, àmì ohùn rẹ̀ náà jẹ́ méjì. Bí fáìlì bá gé lójijì tí báìtì méjì tó kẹ́yìn sì sọnù, ọkọ̀ á di ọkọ. Ìṣàn á dáhùn pé ó tán, òótọ́ ló sì sọ. Kò sí àṣìṣe tí yóò yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ kò parí, ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ ti di ọkọ ilé. Tó bá jẹ́ inú ọ gan-an ló ti gé, tí báìtì méjì dé tí ẹ̀kẹta kò dé, ó já nìyẹn, ẹni tó ń ka UTF-8 sì gbọ́dọ̀ pariwo. Èdè Go ya méjèèjì sọ́tọ̀: io.EOF fún èyí tó tán, io.ErrUnexpectedEOF fún èyí tó já. Mo fẹ́ kí ìwé tiwa náà yà wọ́n.

Tán tún fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí òpin kò gbà. Ohun tó tán lè tún wá. Fáìlì tí ètò mìíràn ṣì ń kọ nǹkan sí á tán, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún ní ohun kíkà nínú, bí àwọn tó ń lo tail -f, àṣẹ tó ń tẹ̀lé fáìlì bó ṣe ń gùn, ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú glibc, àkójọ àṣẹ C tí Linux sábà ń lò, láti ẹ̀dà 2.28 tó jáde ní 2018, tí ìṣàn bá ti ní òun tán, gbogbo àṣẹ kíkà stdio (bíi getchar àti fgets) ló ń dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí a ó fi pe clearerr tàbí àṣẹ mìíràn tó ń pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ní ti "ìwé" tí àbúrò wa fẹ́: ẹni tó bá tẹ Ctrl-D lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ Unix ń jẹ́ kí ìṣàn tán, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé, kò sí fáìlì. Ìṣàn ló ń tán.

Ohun kan ṣì wà tó wù mí gan-an. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ wa. Níhìn-ín "òpin" á di òkpin, "ìpẹ̀kun" á di ìkpɛ̀kun. Tán àti já kò yí padà, bákan náà ni ọmọ Kétu àti ọmọ Ìbàdàn ṣe máa kọ wọ́n.

Èsì kẹta ni n kò tíì rí orúkọ fún: ìgbà tí a bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìṣàn kò tán, tí kò já, ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò tíì wọlé. Unix ń pè é ní EAGAIN. "Kò tíì dé" ni mò ń sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gùn jù láti fi ṣe orúkọ àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ kan.