Káàdì ìdìbò mi wà ní Ìlọrin, èmi wà ní Òmù-Àrán. Ṣé kí n gbé e wá?

Aránṣọ Òmù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tánkẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ara ìyá mi ò wá fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ni mo bá kó máṣíìnì mi wálé. Bí ọ̀rọ̀ ìbò 2027 ṣe gba ìgboro kan yìí, mo ní kí n gbé ìforúkọsílẹ̀ mi wá síbí, kí n lè máa dìbò níbí. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ni àwọn ọmọṣẹ́ mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ fẹ́ lọ tò nínú oòrùn nítorí ipò tí wọ́n ti pín tán?"

Mi ò rí èsì fún un. Èmi tí mo dìbò ní 2019! Ṣebí ẹ rántí bí Ìlọrin ṣe ń pariwo "Ó tó gẹ́" nígbà náà, tí Bùkọ́lá Sàràkí, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fúnra rẹ̀, pàdánù ìjókòó rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé ìbò ò lè lé ẹni ńlá. Lẹ́yìn ìbò gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú mi lójú. Bọ́ọ̀hòlù àdúgbò wa ti bàjẹ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. Ìkejì ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó tán síbẹ̀. Omi la ń fowó rà. Kánsẹ́lọ̀ wa ńkọ́? Inú pósítà nìkan ni mo ti rí i, ẹ̀rín ibẹ̀ sì dùn.

Mi ò béèrè ẹgbẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ dìjà.

Ọmọ Gẹ̀rí Àlímì:
Ẹ jókòó ti máṣíìnì yín jàre. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Kwara, 21 oṣù kẹsàn-án 2024: ìjọba ìbílẹ̀ 16, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó wọlé ní gbogbo rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, 2017 la ti dìbò irú ẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún nínú àárín yẹn, àwọn tí a ò dìbò yàn ló wà lórí àga. Àwọn ọmọṣẹ́ yín gbọ́n jù yín lọ, ẹ má bínú.

Bàbá Ọ̀fà:
Ọmọ Gẹ̀rí Àlímì, ohun tí o sọ ṣẹlẹ̀, àmọ́ o da nǹkan méjì pọ̀. INEC kọ́ ló ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀. KWSIEC ni, àjọ ti ìpínlẹ̀, gómìnà ló sì ń yan àwọn tó wà níbẹ̀. Ibi tí ìfura ti wọlé nìyẹn, mi ò dá yín lẹ́bi. Ti 2027, INEC ló ni ín.

Mo ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò rí. Tí wọ́n bá kà tán, wọ́n á kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, àwa aṣojú á fọwọ́ sí i, wọ́n á fún wa ní ẹ̀dà. Èyí tí wọ́n ń pè ní EC60E, ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Àwọn ènìyàn wa kì í dúró dìgbà náà. Wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á lọ rọkà. Tó bá jẹ́ pé èrò dúró pitimu, ohùn ẹni tó ń ka ìbò máa ń yàtọ̀, mo gbọ́ ọ létí ara mi. Lóòótọ́ ni pé ní 2023, àwòrán èsì ìbò ààrẹ ò tètè gòkè sórí IReV, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí INEC ń kó èsì sí, bí wọ́n ṣe ṣèlérí, ọkàn ọ̀pọ̀ sì já. Àmọ́ ẹ wo eléyìí náà: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ààrẹ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Àwọn yòókù ńkọ́?

Lọ́yà Ìgbómìnà:
Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tún padà sórí bọ́ọ̀hòlù. Ta ló gbẹ́ ẹ? Tí ẹ ò bá mọ ìyẹn, gbogbo ọ́fíìsì ni yóò máa sọ pé kì í ṣe tàwọn. Òfin FOI ti 2011, òfin òmìnira ìròyìn, fún yín láyè láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin náà ò kan àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti já ìyẹn ní koro ní oṣù kẹrin 2025. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òfin yẹn lẹ fi ń béèrè. Èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lọ́jọ́sí, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?

Aránṣọ Òmù-Àrán:
Ó wà, inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ló wà. Orúkọ aṣòfin kan wà lára táǹkì bọ́ọ̀hòlù náà, ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, ẹni náà ò sì sí nípò mọ́. Ṣé òun ni kí n lọ bá ni?

Lọ́yà Ìgbómìnà:
Rárá o. Owó ìjọba ni, kì í ṣe tirẹ̀. Iléeṣẹ́ tí owó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fi títọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ ya àwòrán táǹkì yẹn kí ọ̀dà tó kù tó parẹ́.

Ọmọ Gẹ̀rí Àlímì:
Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ tẹ̀ka, ẹ ya fọ́tò. Omi ńkọ́?

Aránṣọ Òmù-Àrán:
Àbúrò, mo gbọ́. Jíjókòó ò kúkú fún mi lómi náà. Mo máa gbé káàdì yẹn wá. Bàbá Ọ̀fà, ṣé dandan ni kí n padà sí Tánkẹ̀, àbí wọ́n á gbowó?

Bàbá Ọ̀fà:
Ọ́fíìsì INEC tó wà ní Òmù-Àrán níbẹ̀ ni kí o lọ, ọmọ mi. Mú káàdì àtijọ́ dání. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ o ò gbọdọ̀ san. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mú nǹkan wá, béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ kí o wo ojú rẹ̀.

Aránṣọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ni èrò máa ń pọ̀ ni àbí ọ̀sán? Aṣọ ìgbéyàwó wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rán tán.