"Okùn líle" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ọ̀nà pàtàkì"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kàdúná dábàá pé ká máa pe critical path (àwọn iṣẹ́ tó tò tẹ̀ léra, tó ń pinnu ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ máa parí) ní "ọ̀nà pàtàkì", ká sì pe Gantt chart (àtẹ tó ń fi ọ̀pá gbọọrọ hàn ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí) ní "àtẹ Gantt". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ti àkọ́kọ́ yẹn kò wọlé sí mi létí.

Iṣẹ́ ìkọ́lé ni mò ń ṣe l'Ábújá níbí. Èmi ni mo máa ń to iṣẹ́ sórí Microsoft Project, software tí a fi ń ṣètò iṣẹ́. Kò síṣẹ́ tí kò ṣe pàtàkì nínú ilé kíkọ́. Ẹ sọ fún púlọ́ńbà pé tiẹ̀ kò ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí! Ohun tí à ń wí ni iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo ilé ti fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn. Ẹ wo dẹ́kìn. Ọjọ́ 28 làwọn ẹnjiníà fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré, a kì í sì í sáré tú igi abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù òkè ń dúró de dẹ́kìn, òrùlé ń dúró de búlọ́ọ̀kù, òjò oṣù Ẹ́pírì kò sì dúró de ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn lè lọ sílé ọdún, kó pẹ́ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ kan, kò ní hàn.

Ẹnu wa kò kúkú ṣófo. Okùn a máa dẹ̀, okùn a máa le. Ọ̀sẹ̀ káfíńtà yẹn, "ìdẹ̀" ni mo pè é, inú ẹ̀ náà la ti rí ìdẹ̀ra. Láti dẹ́kìn dé òrùlé, "okùn líle" ni. Igiya làwọn lébìrà Haúsá ń pe okùn. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀, ó yé wọn. Ẹni tó ní ká pè é ní "ẹ̀wọ̀n iṣẹ́", ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sá lọ ni?

Bébà ló jẹ́ kí n máa wá ọ̀rọ̀ kúkurú. Lójú kọ̀ǹpútà, a lè fi pupa kun ọ̀pá okùn líle, kí ìyókù jẹ́ búlúù. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pírǹtì ní Garki, kẹ́ ẹ ní dúdú-àti-funfun ni nítorí owó: pupa àti búlúù á jọ dà bí eérú. Fọ́máànì á dúró níwájú ògiri, kò ní mọ èyí tó yẹ kó sáré sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. "Ìtòtẹ̀léra iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́", tí ẹlòmíì mú wá, á gùn ju ọ̀pá tó fẹ́ ṣàlàyé lọ. (Ẹ tún yí ìlà àsìkò òkè kúrò ní ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kó kó gbogbo ẹ̀ sójú bébà A3 kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́, gọ́ọ̀mù lẹ máa fi lẹ ojú ewé rẹpẹtẹ pọ̀.)

Milestone, àmì tó ń fi hàn pé apá kan iṣẹ́ ti parí, kò ní ìjà: "ibùsọ̀". Lóòótọ́, alárù máa ń sinmi níbẹ̀, ọjọ́ òdo sì ni software ń fún un, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìsinmi mọ́ ìrìn?

Ti "àtẹ Gantt", èmi ò rí ìdí tá a fi ní láti gbé orúkọ yẹn rù. Karol Adamiecki ará Pólàndì ti ya irú ẹ̀ ní 1896, kí Henry Gantt ará Amẹ́ríkà tó gbé tiẹ̀ jáde. Harmonogram làwọn ará Pólàndì ń pe tiwọn. "Àtẹ iṣẹ́" tó fún wa.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju "okùn líle" lọ, kó tètè mú un wá. Mò ń pírǹtì àtẹ tuntun lọ́jọ́ Ajé.