Èsì: “Ẹ̀rọ aláìrí” kẹ̀, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú ní kí a máa pe “virtual machine”, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò bíi VirtualBox ń gbé ró nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ní “ẹ̀rọ aláìrí”. Ẹ má bínú sà, “alá-” yẹn ló ń ká mi lára. Aláìní ni ẹni tí kò ní. Aláìgbọ́n ni ẹni tí kò gbọ́n. Aláìrí wá ńkọ́? Yálà ojú ẹ̀rọ náà ló fọ́, tàbí kò rí jẹ! Bó bá ṣe ohun tí ojú kò rí lẹ ní lọ́kàn, “àìrí” lásán ti tó. Ta ni kò tilẹ̀ rí i? Ṣebí ó là sílẹ̀ gbayawu lójú ẹ̀rọ.

Ẹlòmíràn kọ “ẹ̀rọ òjìjí”. Ẹ lọ sọ ìyẹn lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹja tó ń gbọn ènìyàn lápá ni wọn yóò gbé fún yín. Òjìji ló ń wá. Ohùn kan ṣoṣo!

Ibi tí mo ti rí tèmi rèé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ládùúgbò wa ń fi ètò kan lórí Windows 98 ṣe ìṣirò owó wọn títí ògbólógbòó ẹ̀rọ náà fi kú. Ètò àtijọ́ oníbíìtì 16 ni, Windows òde òní oníbíìtì 64 kì í sì í gba irú ẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú VirtualBox, mo fún un ní ráàmù (àyè ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 128MB, torí bí ráàmù bá ti kọjá 512MB, inú Windows 98 a máa dàrú. Ó ṣí, ṣùgbọ́n àwọ̀ 16 péré ló ní, 640 sí 480, gbogbo ojú rẹ̀ dà bí àdìrẹ tó ti ṣá.

Akọ̀wé wọn, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí. “Àfòmọ́ mà nìyí. Omi igi ẹlòmíràn ló ń mu.”

Ẹ̀rọ àfòmọ́! Kò ní ráàmù tirẹ̀, kò ní dísìkì tirẹ̀, ara igi tó gùn ló ti ń fà á. A sì máa ń sọ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan: fáìlì kan náà tí ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀ ni mo gbé kúrò lórí kọ̀ǹpútà Windows bọ́ sórí ti Linux, bàbá kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Mo mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n wa yóò ní gírámà ti gba àfòmọ́ fún ègé ọ̀rọ̀ bíi “alá-”. Ta ló gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀? Ẹlòmíràn á ní ó ń pa igi obì. Òótọ́ ni: ẹ fún un ní ráàmù jù, ẹ ó rí bí onílé, kọ̀ǹpútà tó gbé e, yóò ṣe máa mí gúlegúle.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí, kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí “alá-” yẹn.