Ṣé àbá òfin tó ṣubú lè gba ojúṣe kúrò lọ́rùn wa?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Wúrà ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjà sì máa ń yá gan-an bí Ojúde Ọba bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé, níwọ̀n bí ilé aṣòfin ti da àbá òfin tí aṣòfin kan fúnra rẹ̀ gbé wá lórí ìdánimọ̀ oníbàárà nù, a kò ní láti béèrè NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ mí létí rárá, nítorí òfin ọdún 2022 tó dènà sísọ owó èrú di owó mímọ́ ṣì wà nílẹ̀: kò fàyè gba kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 5 náírà ní owó tútù láìgba báńkì, ó sì ní kí àwa oníwúrà mọ oníbàárà wa, kí a sì tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 5, ó kéré tán.

Ẹ̀yin amòfin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àbá tí kò di òfin lè fagi lé èyí tó ti wà? Bí ìyá àgbà tí kò ní NIN bá wá ra ẹ̀gbà ọrùn fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìwé wo ni mo lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí n kò ní rú òfin, tí n kò sì ní tàbùkù rẹ̀?